Ǹjẹ́ Gòjé Kan Lè Gbẹnu Sọ fún Agbo Onísákárà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bóyá ni a fi rí orin ìbílẹ̀ tí ó bá òwe yìí mu tó orin sákárà. Ẹnì kan ń lé orin, àwọn elégbè ń gbè é. Onílù sákárà ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lu awọ tí a kàn mọ́ orí amọ̀ róbótó, ó sì ń fi ìka ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn kí ohùn rẹ̀ lè máa lọ sókè sódò. Omele ń dá a lóhùn. Ẹni tí ó gbé igbá dání ń fi òrùka tí ó wà ní ìka rẹ̀ kàn án. Gòjé sì ń ké láàrin gbogbo wọn bí ẹni tí ó ní ẹjọ́ lẹ́nu. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀: bí gbogbo àwọn yòókù bá dìde lọ, tí ó wá ku onígòjé nìkan lórí ìjókòó, ǹjẹ́ ohun tí yóò máa dún níbẹ̀ ṣì jẹ́ orin sákárà?

Èrò tiwa ni pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò gbà. Lójú tiwọn, kí a kó orin àjùmọ̀ṣe lé ọwọ́ ẹnì kan dà bí ìgbà tí a bọ́ ẹ̀wù lára ọba kí a tó mú un jáde sí gbangba. Àwọn mìíràn sì rò pé kò sí ohun tí ó rọrùn tó o: kí onígòjé sá ti máa tẹ̀ lé ohùn ẹni tí ó ń lé orin, ó bùṣe. Àti àwọn tí ó ń bẹ̀rù àti àwọn tí ó rò pé eré ni, ohun kan náà ni wọ́n fò dá, èyí ni ọ̀nà tí a gbà pín iṣẹ́ fún oníkálukú nínú orin náà.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà Òkè Ọya ni gòjé gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Haúsá ń pè é ní goge, àwọn Songhai ní ilẹ̀ Niger ń pè é ní godji, àwọn Dagbamba ní àríwá Ghana sì ń pè é ní gonje. Jacqueline Cogdell DjeDje kọ odindi ìwé kan ní ọdún 2008 lórí irú ohun èlò yìí láàrin àwọn Fúlàní, Haúsá àti Dagbamba. Ààbọ̀ igbá ni ikùn rẹ̀. Awọ ni a fi bo ojú igbá náà, ti awọ́nrínwọ́n sì ni àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn jù. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ni ó sì wà lára ọrun tí a fi ń fà á. Okùn kan ṣoṣo ni. Kò sí àmì kankan lára ọrùn gòjé tí ó ń sọ ibi tí ìka yóò tẹ̀. Etí onígòjé nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni agbára gòjé wà.

Abíbù Olúwa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé orin sákárà dé orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Yusuf Ọlátúnjí, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Baba Lẹ́gbàá, ti jáde kí ó tó dá dúró, òun ni ó sì gbé orin náà dé góńgó kí ó tó dágbére fún ayé ní ọdún 1978. Ẹni tí ó bá fetí sí àwọn àwo rẹ̀ dáadáa yóò ṣe àkíyèsí pé gòjé kì í kàn tẹ̀ lé olórin bí ọmọ ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣíwájú rẹ̀, á sọ ohun tí olórin fẹ́ sọ kí ó tó là á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olórin á dákẹ́ ní ìdajì gbólóhùn, gòjé á sì parí rẹ̀. Nígbà tí fújì wá gba òde, ó kó ìlù sákárà mọ́ra, ṣùgbọ́n ó fi gòjé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fà ti ń dín kù.

Kí ni ó wá kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí? Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí ń lọ káàkiri láti ṣe àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a rán lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ó bá ọ̀kan nínú wọn níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn ìlù ilẹ̀ Yorùbá. Ó ya ìyá ìlù sójú pátákó, ó ya gúdúgúdú, ó ya sákárà. Àwòrán náà dára púpọ̀. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n sì ka orúkọ àwọn ìlù náà ní àkàgbà. Ọmọ kan wá nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni ti sákárà ṣe ń dún?” Olùkọ́ wa fi ẹnu ṣe é, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, aago sì lù.

A kò rí ìdí tí a ó fi bá akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. Láti mú agbo sákárà wọ kíláàsì kan, ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ni a nílò, pẹ̀lú owó ọkọ̀ wọn àti owó oúnjẹ wọn, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sì ní ẹfun ìkọ̀wé tó kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan tí ó mọ gòjé fà, tàbí alàgbà onígòjé kan ní àdúgbò tí a bẹ̀ wá fún ìṣẹ́jú ogójì, ìyẹn ṣeé ṣe. Bí a kò bá wá ọ̀nà tí ẹnì kan yóò fi gbé orin agbo dé iwájú àwọn ọmọ, àwòrán ojú pátákó ni yóò máa jẹ́ ìlù fún wọn títí wọn yóò fi dàgbà.

Àwa kọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ délẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Ṣáínà ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní erhu, tí a lè pè ní àbúrò gòjé láti òkèèrè. Okùn méjì ni tirẹ̀ ní, irun ọrun rẹ̀ sì há sí àárín okùn méjèèjì. Awọ erè ni wọ́n fi ń bo ikùn rẹ̀, bí àwa ṣe ń fi awọ́nrínwọ́n bo ti gòjé. (Ó jọ pé ẹranko afàyàfà níláti kú kí irú orin yìí tó dùn.) Fún ìgbà pípẹ́, inú agbo ni erhu ń gbé. Ó ń tẹ̀ lé àwọn eléré orí ìtàgé, ó sì ń bá fèrè ọparun àti àwọn ohun èlò olókùn mìíràn kẹ́gbẹ́ nínú orin Jiangnan sizhu, èyí tí àwọn ará Shanghai àti agbègbè rẹ̀ máa ń ṣe ní ilé ìmutíì. Liu Tianhua, tí a bí ní ọdún 1895, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Yunifásítì Peking ní ọdún 1922, ni ó fa erhu jáde láti inú agbo. Kí ó tó kú ní ọdún 1932, ó ti kọ orin 10 fún erhu nìkan, ó sì kọ ìdánrawò 47 fún àwọn tí ó ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí iye ìdánrawò náà. Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ pé orin tí kò ní ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é ni yóò parí sí.

Ẹnì kejì yàtọ̀ pátápátá. Abing ni wọ́n ń pè é, afọ́jú ni, òpópónà ìlú Wuxi ni ó sì ti ń fi orin wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1950, Yang Yinliu àti Cao Anhe gbé ẹ̀rọ tí ń fi wáyà gba ohùn sílẹ̀ lọ bá a, wọ́n sì gba orin mẹ́fà: mẹ́ta lórí erhu, mẹ́ta lórí pipa. Kí ọdún náà tó parí, Abing ti kú. Ọ̀kan nínú orin mẹ́ta erhu yẹn ti wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ erhu mọ́.

Bí a bá dúró níbí, ẹnì kan lè sọ pé kí a ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ṣáínà ti ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìdí rẹ̀ sì ni gbòǹgbò àríyànjiyàn wa. Nínú orin Jiangnan sizhu, orin kan náà ni gbogbo àwọn ohun èlò ń kọ. Fèrè ń fi ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí i, erhu ń fi tirẹ̀ sí i, bí ẹbí tí ó jókòó yíká tí gbogbo wọn jọ ń sọ ìtàn kan náà, tí oníkálukú ń bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí a bá mú erhu nìkan jáde, ìtàn náà ṣì pé ní ẹnu rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú sákárà, nínú dùndún, nínú bàtá, ńṣe ni a pín iṣẹ́. Ohun tí igbá ń sọ kì í ṣe orin olórin. Ohun tí omele ń sọ kò ní ìtumọ̀ bí a bá yà á sọ́tọ̀. Gúdúgúdú kò sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, síbẹ̀ bí ó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á dàrú. Ẹni tí ó bá fa òwú kan jáde lára aṣọ òfì, òwú ni ó mú dání, kì í ṣe òfì. Ìdí nìyí tí kí a kàn fi gòjé tẹ̀ lé ohùn olórin kò fi tó.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa náà ti gbìyànjú láti gbé orin wa dé orí ohun èlò mìíràn. Fẹlá Ṣówándé kọ African Suite ní ọdún 1944 fún àkójọ àwọn ohun èlò olókùn tí a ń fi ọrun fà, orin háíláìfù kan ni ó sì fi kádìí rẹ̀. Apá ìparí yẹn wá di àmì-orin fún ètò kan lórí rédíò ilẹ̀ Kánádà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Ṣówándé tọ̀ yàtọ̀ sí tiwa, nítorí pé ó mú orin kan, ó pín in fún ọ̀pọ̀ ọrun. Akin Euba, tí ó kú ní ọdún 2020, ni ó sún mọ́ ohun tí à ń sọ. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìlù dùndún, ìwé ńlá rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1990, ó sì gbà pé ènìyàn kan lè fi ìka mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ agbo onílù lórí dùùrù. Iṣẹ́ bàǹtàbanta ni. Síbẹ̀, ohun kan wà tí dùùrù kò lè ṣe láéláé. Bọ́tìnnì dùùrù dà bí àtẹ̀gùn, ẹni tí ó bá wà lórí ọ̀kan ti kúrò lórí èkejì. Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni ó mọ ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò: bí a bá pe “ìwé”, ohùn òkè tí ó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ ni, bí a bá pe “rárà”, ohùn ìsàlẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Gòjé tí kò ní àmì lọ́rùn lè yọ̀ bẹ́ẹ̀. Nípa èyí, ó sún mọ́ ẹnu Yorùbá ju ohun èlò olówó iyebíye lọ.

Ibi tí ó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti inú ọ̀rọ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ sọ orin sákárà di ti gòjé nìkan kọ́kọ́ kọ lílé àti ègbè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi àmì ohùn sí i, dò, re, mí, láìku ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni kí ó mú gòjé. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ohùn nìkan kò tó láti sọ ìtumọ̀. “Ìjẹ̀bú” jẹ́ dò dò mí, “ìgbàgbọ́” náà jẹ́ dò dò mí. Gòjé kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ìlú àti ẹ̀sìn. Ohun tí ó ń jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ ni pé a ti mọ oríkì náà tàbí òwe náà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, orin tí àwọn ọmọ mọ̀ ní ẹnu ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú orin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sórí gòjé nìkan, òun nìkan ni yóò gbọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọrun ṣe pàtàkì bákan náà. Ìlù máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ó lù ú, ó parí. Gòjé lè fa ọrun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí sílébù mẹ́jọ sì kọjá lórí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ọ̀rọ̀ á yọ́, á di ìkérora. Níbi tí gòjé bá ti ń ṣe iṣẹ́ onílù sákárà, kí ọrun kúrú, kí sílébù kọ̀ọ̀kan ní ìfà tirẹ̀. Níbi tí ó bá ti ń ṣe iṣẹ́ olórin, kí ọrun gùn, kí ìka máa yọ̀. Ègbè ní tirẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀ṣọ́ kankan. Kí a fà á gbọrọ, kí ó dúró ṣinṣin, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹnu kì í dárà nígbà kan náà. Pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́ta yìí, etí yóò mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn kan ni gbogbo wọn ń lò. Ti igbá ńkọ́? A kò gbà pé kí a wá a lórí okùn rárá. Kí onígòjé so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ sọ ọ́.

Èyí tí a kà sí pàtàkì jù ni àyè. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ó dá wà máa ń fẹ́ kún gbogbo ibi tí àwọn yòókù ti kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní sinmi, orin á sì di rúdurùdu. Ó sàn kí ó fi ihò sílẹ̀. Kí gòjé lé, kí ó sì dákẹ́ pátápátá níbi tí ègbè yóò ti wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ tí ó jókòó yóò gbè é fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ́wọ́ wọn á sì gba iṣẹ́ igbá. Ẹni tí ó bá ti wà níbi tí a ti ń pa àlọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni èyí. Orin Liu Tianhua wà fún olùgbọ́ tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Tiwa yóò wà fún olùgbọ́ tí ó ní iṣẹ́ láti ṣe, gòjé kan náà ni yóò sì sọ kíláàsì di agbo.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ní ohùn tirẹ̀, orin tí a fi ẹ̀ka-èdè náà kọ kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kọjá kí ó tó dé orí gòjé. Bí olùkọ́ bá tún ọ̀rọ̀ náà kọ ní Yorùbá ìwé, àmì ohùn á yí padà, orin á sì wọ́. Wákà tí Bàtílì Àlàké, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ ibi tí ó dára láti wò, nítorí pé ohùn obìnrin ni ó gbé gbogbo ẹrù orin náà, gòjé sì lè tọ ohùn bẹ́ẹ̀ láìsí ìnira. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orin ni ó wà fún iṣẹ́ yìí. Ìmùṣin jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí Agẹmọ ti ń jáde. Ohun tí ó jẹ́ ti awo, tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn, kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní kíláàsì tí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ obìnrin. Kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

A ti gbọ́ ọ rí pé gòjé kì í ṣe ti Yorùbá, pé Haúsá ni ó ni ín. Àlùbọ́sà gba ọ̀nà kan náà dé, a kò sì tì í sẹ́yìn lẹ́nu ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn kan tún bi wá pé ṣé a kò lè lo fáólíìnì, nígbà tí ó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. A lè lò ó bí gòjé bá wọ́n, pẹ̀lú àdéhùn pé orí okùn kan ni kí ọwọ́ wà, kí a má sì gbọ̀n ìka lórí ohùn tí ó yẹ kí ó dúró. Àwa kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ohùn gòjé ní ìhanrun díẹ̀ nínú, bí ti àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ìhanrun yẹn sì wà lára orin náà.

Ẹ̀rù tí ó tọ́ ni ti àwọn tí ó ń sọ pé bí ẹnì kan bá ti lè ṣe é, kò sí ẹni tí yóò pe agbo mọ́. Owó àwọn onílù náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, a dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má gba máàkì lórí orin gòjé nìkan títí yóò fi gbọ́ àwo tí gbogbo agbo ti ṣe orin náà, kí ó sì fi etí nìkan sọ àwọn ohun èlò tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó wá gbé ohun tí onígòjé ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó sọnù. Ohun kan yóò sọnù dájú. Ẹni tí ó bá lè dárúkọ rẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣì máa pe àwọn tí ó ni ín.

Yang àti Cao ru ẹ̀rọ lọ bá Abing. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ní fóònù lápò tí ó lè gba ohùn ju ti ẹ̀rọ wọn lọ, àwọn àgbà onígòjé tí ó ṣẹ́ kù kò sì jìnnà ju kí ọkọ̀ gbé ni dé ọ̀dọ̀ wọn kí ó sì gbé ni padà lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ̀ka wa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì lọ nínú ìsinmi tí ó ń bọ̀, pẹ̀lú obì àti owó díẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá lọ bá. Kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó fa orin kan bí ó ti máa ń fà á nínú agbo, kí ó sì tún un fà bí ẹni pé òun nìkan ni ó kù. Èyí tí ó bá fi sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, tí kò fà, ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé.